Àlàyé Ló Ń Pa Ẹ̀rù

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ooru mú gidigidi, èmi àti àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, jókòó wo Halloween, fíìmù tí John Carpenter ṣe ní ọdún 1978. Ọmọ ọdún 16 ni àbúrò mi, kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa fíìmù náà rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Loomis, dókítà kan nínú ìtàn náà, yin apànìyàn tó wọ ìbòjú funfun níbọn lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọkùnrin náà ré bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó nà gbalaja sórí koríko. Loomis yọjú wo ìsàlẹ̀. Koríko nìkan ló rí. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà ń fi àwọn ibi tí a ti dé nínú ìtàn náà hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan: pálọ̀ tó ṣófo, àtẹ̀gùn tó ṣókùnkùn, ilé àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀. A kò rí ẹnì kankan. Èémí ẹnì kan nìkan là ń gbọ́. Ibẹ̀ ló parí sí.

Àbúrò mi dìde, ó lọ ti fèrèsé. Ó padà wá jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ṣe fún un tó fi ń pa wọ́n?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti wo apá kejì, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ní, "Laurie, ọmọge tó fẹ́ pa yẹn, àbúrò rẹ̀ ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń lé kiri."

Mo rí i bí èjìká ọmọ náà ṣe wálẹ̀. Ó ní, "Háà, ọ̀rọ̀ ẹbí ni nígbà yẹn." Ó dìde, ó ṣí fèrèsé padà kí atẹ́gùn lè wọlé, ó sì lọ sùn.

Mi ò tètè sùn ní tèmi. Wákàtí kan ààbọ̀ ni Carpenter fi kó ẹ̀rù náà jọ díẹ̀díẹ̀. Gbólóhùn méjì ni mo fi tú u ká. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù adẹ́rùbani ń jiyàn bóyá apá kejì, apá kẹta àti fíìmù ìṣáájú, ìyẹn èyí tó padà sẹ́yìn lọ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ń gba agbára lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, fèrèsé yẹn ni mo máa ń rántí. Ìdáhùn tèmi ni pé kì í ṣe bí apá ṣe pọ̀ tó ló ń ba ẹ̀rù jẹ́. Àlàyé ni. Apá kejì tó bá wá ṣàlàyé ohun tí ti àkọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ó ti ṣí fèrèsé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Carpenter fi pamọ́. Ní alẹ́ ọdún Halloween ti 1963, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Haddonfield, ọmọ ọdún 6 kan tó ń jẹ́ Michael Myers fi ọ̀bẹ gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pa. Ọdún 15 ni wọ́n fi tì í mọ́ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ó sá jáde, ó padà sí ìlú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dé, ọmọge kan tó ń jẹ́ Laurie ń lọ sílé ìwé, ó yà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn Myers tó ti di ahoro, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan síbẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ ń bá wọn ta ilé náà. Ọkùnrin náà wà nínú ilé, ó rí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí Laurie ṣe nìyẹn. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Fíìmù náà kò sọ ìdí mìíràn fún wa. Loomis, dókítà tó tọ́jú Michael láti kékeré, sọ pé òun lo ọdún 8 láti wá ọ̀nà wọ inú ọkàn ọmọ náà, òun sì lo ọdún 7 láti rí i pé wọn kò tú u sílẹ̀ mọ́. Nínú orúkọ àwọn òṣèré tó máa ń jáde lẹ́yìn fíìmù, wọn kò kọ Michael sí iwájú orúkọ Nick Castle tó wọ ìbòjú náà. Ohun tí wọ́n kọ ni The Shape, bí ẹni pé òjìji lásán ni. Ìbòjú náà fúnra rẹ̀, ọjà ni wọ́n ti rà á, kò tó dọ́là 2. Ojú William Shatner tó ṣe Captain Kirk nínú Star Trek ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá kùn ún ní ọ̀dà funfun títí kò fi jọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Laurie já ìbòjú yẹn kúrò níkẹyìn, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lásán la rí, ojú tí èèyàn lè bá pàdé ní ibùdókọ̀. Kò kọ ohunkóhun sára rẹ̀. Kíá ni Michael fà á wọ̀ padà.

Àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kú. Bí egúngún bá jáde, gbogbo àgbà ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ló ń tẹ ilẹ̀ lábẹ́ aṣọ yẹn. Síbẹ̀, ará ọ̀run la ń pè é, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ará ayé. Bí ọmọdé kan bá wá nawọ́ sí i láàárín agbo tó kígbe pé, "Bọ̀dá Súlè nìyẹn!", wọ́n á fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu. Wọn kò ní bí i bóyá òótọ́ ló sọ. Orúkọ tó dá yẹn ti sọ ará ọ̀run di aládùúgbò.

Ohun tí apá kejì ṣe fún Halloween nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ ká dá àwọn tó ṣe é lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí owó ló ń pè wọ́n. Nǹkan bíi 325,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́, nǹkan bíi ogúnjọ́ ni wọ́n fi ya á, ní Kalifọ́níà, nígbà tí ewé kò tíì wọ́, débi pé wọ́n ń kun ewé ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, wọ́n ń tú u dà sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á jọ padà kí wọ́n lè tún un lò. Carpenter fúnra rẹ̀ ló lu orin rẹ̀. Ohun tí fíìmù náà pa wọlé káàkiri ayé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là. Iléeṣẹ́ wo ló máa rí irú èrè bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé kí wọ́n tún un ṣe? Ní 1981, Halloween II jáde. Carpenter àti Debra Hill ló kọ ọ́, Rick Rosenthal ló darí rẹ̀. Alẹ́ kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀, orí koríko tó ṣófo yẹn. Ṣùgbọ́n Carpenter ti sọ lẹ́yìn náà pé òun kò rò pé ìtàn púpọ̀ ṣẹ́kù láti sọ. Níbi tí ìtàn ti tán, àlàyé ló máa ń gba ipò rẹ̀. Bí Laurie ṣe di àbúrò Michael nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí àlàyé yẹn bà jẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ Laurie. Ìwọ tó ń wò ó náà lè jẹ́ Laurie. Nínú ti kejì, ó di dandan kó o jẹ́ ọmọ ilé Myers kí ọ̀rọ̀ tó kàn ọ́. Bí ìdí bá ti wà fún ibi, gbogbo ẹni tí ìdí náà kò kàn ti bọ́ nìyẹn. Ohun tí àbúrò mi gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyí: pé òun kì í ṣe ẹbí wọn.

Láti ibẹ̀ ni àlàyé ti ń bí àlàyé. Ní 1995, wọ́n ní ègún àtijọ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ awo kan ń tọ́jú ló ń darí Michael. Ní 2007, Rob Zombie tún ti àkọ́kọ́ ṣe, ó sì fi ìgbà èwe ọmọ náà hàn wá: ilé tí kò rójú, ọkùnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé tó ń bú u, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń fi í ṣẹ̀sín. Bí mo ti ń wò ó, àánú ọmọ náà ń ṣe mí. Àánú dára, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, ẹ̀rù á jáde. Ẹni tí mo ti mọ ohun tó ń dùn ún, mo lè bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin 1978 kò ṣeé bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni ikú. Yorùbá ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Ní ìparí Halloween II, Michael jóná. Ní 1988, ó padà. Ní 1998, nínú Halloween H20, Laurie fi àáké bẹ́ ẹ lórí. Ní 2002, wọ́n ní ẹlòmíràn ni Laurie bẹ́ lórí, pé Michael ti gbé ìbòjú rẹ̀ wọ̀ ọ́ ṣáájú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òkú bá dìde, ìròyìn rẹ̀ á gba ilé kan, nítorí pé òfin ayé ti fọ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìyá á ti mọ àmì tí wọ́n kọ sí i lára, á sì ti mọ oṣù tó máa ń lọ. Òṣìkà tí kò lè kú mọ́ kò ní ẹ̀rù tó gùn, torí pé ikú àti ìyè rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ mọ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ àbíkú yìí kì í ṣe àfiwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ilé. Ó ti wà nínú ìdílé fíìmù mìíràn. The Exorcist, tí William Friedkin darí ní 1973 láti inú ìwé William Peter Blatty, dá lórí Regan, ọmọbìnrin ọdún 12 kan tí ẹ̀mí èṣù gbé wọ̀ nínú ilé ìyá rẹ̀ ní Washington. Kí ló dé tó fi jẹ́ Regan? Fíìmù náà kò sọ. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà títí, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Àìrí nǹkan kan yẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ ìyá gbé ọmọ wọn mọ́ra bí wọ́n bá wò ó tán.

Ní 1977, John Boorman ṣe Exorcist II: The Heretic. Ó dárúkọ ẹ̀mí èṣù náà, Pazuzu. Ó so ó mọ́ eéṣú. Ó ní Regan ní ẹ̀bùn ìwòsàn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀mí náà fi dojú kọ ọ́. Ó wá gbé ìtàn náà dé ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ọmọ kan ti wà tí ẹ̀mí kan náà ti gbé wọ̀ rí, tó sì borí. James Earl Jones ló ṣe ọmọ náà nígbà tó dàgbà, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Kokumo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, mo dìde jókòó dáadáa. Kòkúmọ́ ni, orúkọ tí ìyá fi ń bẹ ọmọ tó ti lọ tó tún bọ̀. Orúkọ yẹn gbé ẹ̀rù tó jinlẹ̀ ju eéṣú lọ dání: ẹ̀rù ìyá tí kò mọ̀ bóyá èyí tó gbé lọ́wọ́ yóò dúró. Fíìmù náà ní orúkọ yẹn lọ́wọ́, kò mọ ohun tó mú dání. Àlàyé ló ń wá. Ìbéèrè "kí ló dé tó fi jẹ́ òun" tó mú Exorcist àkọ́kọ́ lágbára, òun gan-an ló dáhùn, ìdáhùn náà sì tún jẹ́ èyí tó yọ ọmọ tèmi àti tìrẹ kúrò: ọmọ tí kò bá ní ẹ̀bùn, ẹ̀mí èṣù kò ní í wá a.

Bí apá kejì bá lè ṣe báyìí, fíìmù ìṣáájú léwu jù ú lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fi pè é ni kó wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú Alien, tí Ridley Scott darí ní 1979, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú Nostromo sọ̀ kalẹ̀ sórí ayé kan tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n bá ọkọ̀ àjèjì kan. Nínú rẹ̀, ẹ̀dá ńlá kan jókòó sórí àga, ó ti pẹ́ tó ti kú débi pé òun àti àga ti di ọ̀kan. Egungun àyà rẹ̀ tẹ̀ síta: nǹkan kan ti jáde láti inú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wò ó, wọ́n kọjá lọ, fíìmù náà kò sì padà débẹ̀ mọ́. H. R. Giger ló ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkú tó jókòó yẹn ń sọ fún wa pé àwọn nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn tó wà láàárín ìràwọ̀, tí kò kàn wá, tí kò sì mọ̀ pé a wà.

Scott fúnra rẹ̀ ló padà wá ní 2012 pẹ̀lú Prometheus. A wá gbọ́ pé aṣọ iṣẹ́ ni ohun tí a rò pé ara ẹ̀dá náà ni, pé àwọn tó ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jọ wá, pé àwọn ni wọ́n dá ènìyàn. Ní 2017, Alien: Covenant sọ fún wa pé ọwọ́ David, ẹ̀rọ tí ènìyàn ṣe ní àwòrán ara rẹ̀, wà nínú bí ẹranko náà ṣe di ohun tó dà. Ayé gbogbo tó gbòòrò, tó tutù, tí kò mọ̀ wá, ó wá sún kì di bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí náà ló tún dà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ apá kejì. Àwọn kan wà tí wọn kò mú nǹkan kan kúrò lára ti àkọ́kọ́, tí wọ́n tiẹ̀ fi kún un. Ní 1935, James Whale tó ṣe Frankenstein ní 1931 ṣe Bride of Frankenstein, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ fíìmù ló sì gbà pé ti kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú rẹ̀, ẹ̀dá tí Boris Karloff ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì ń wá ẹnìkejì. Wọn kò ṣàlàyé rẹ̀; wọ́n fún un ní ìfẹ́ ọkàn tuntun, ìfẹ́ yẹn sì bí ẹ̀rù tuntun nígbà tí ìyàwó tí wọ́n ṣe fún un rí i tó lọgun. Aliens tí James Cameron ṣe ní 1986 kò béèrè ibi tí ẹranko náà ti wá. Ó béèrè ohun tí obìnrin kan lè ṣe nítorí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, Sigourney Weaver sì dá a lóhùn débi tí wọ́n fi yàn án mọ́ àwọn tó ń dupò fún Oscar.

Blatty fúnra rẹ̀ darí The Exorcist III ní 1990. Nínú rẹ̀, ìran kan wà tí mo lè fi kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani. Kámẹ́rà dúró sójú kan, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lóru. Nọ́ọ̀sì kan ń lọ, ó ń bọ̀. Kò sí orin. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi sú ọ. Lójijì, nǹkan funfun kan jáde lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí ńlá tó lanu, ó ti kọjá kó o tó mí. Ibi tí fíìmù yẹn ti ṣubú ni ìparí rẹ̀, nítorí pé iléeṣẹ́ tó ni owó ní dandan, ó gbọ́dọ̀ ní ìran lílé ẹ̀mí èṣù jáde bíi ti àkọ́kọ́. Fíìmù ìṣáájú pàápàá lè dára. Ní 2022, Ti West ṣe X, ó sì ṣe Pearl tó padà sí 1918 láti sọ nípa èwe ìyá arúgbó apànìyàn inú X. Mia Goth ló ṣe é nínú méjèèjì. A rí ohun tí Pearl ń fẹ́, a rí bí kò ṣe rí i gbà, síbẹ̀, nígbà tó rẹ́rìn-ín sí wa títí omijé fi jáde lójú rẹ̀ ní ìparí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣókùnkùn sí wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó bá ka Fágúnwà. Lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, ó padà sẹ́yìn ní 1949 nínú Igbó Olódùmarè, ó sọ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn tó jẹ́ akọni ìwé àkọ́kọ́. Fíìmù ìṣáájú gan-an nìyẹn, àfi pé ìwé ni. Fágúnwà padà sọ́dọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n kò fi bàbá ṣàlàyé igbó. Igbó mìíràn ló mú wa wọ̀, pẹ̀lú ẹ̀dá mìíràn. Ẹni tó bá ka ti kejì tán tó padà sí ti àkọ́kọ́, òkùnkùn Igbó Irúnmalẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ni wàhálà wa, pé ti àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nínú ọ̀rọ̀ Halloween, wọ́n fọwọ́ kàn án. Nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán NBC fẹ́ fi ti àkọ́kọ́ hàn ní 1981, ó kù díẹ̀ kó gùn tó. Carpenter ya àwọn ìran kún un lásìkò kan náà tí wọ́n ń ya apá kejì. Nínú ọ̀kan, Loomis wọ yàrá tí Michael ti sá jáde, ó sì rí ọ̀rọ̀ kan tí ó fi nǹkan ha sára ilẹ̀kùn: àbúrò. Àlàyé 1981 ti sá wọ inú fíìmù 1978. Bí wọn kò bá tiẹ̀ fọwọ́ kan teepu rárá, orí ẹni tó ń wò ó ni fíìmù ń gbé, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbàgbé ohun tó ti gbọ́.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni pé àwọn tó ni ìtàn náà jẹ́wọ́. Ní 2018, David Gordon Green ṣe Halloween tuntun, Carpenter sì wà nídìí rẹ̀, òun ló tún ṣe orin rẹ̀. Wọ́n pa gbogbo apá tó ti jáde láti 1981 tì, wọ́n padà sí orí koríko tó ṣófo. Ọ̀dọ́ kan béèrè nínú fíìmù náà bóyá lóòótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n Laurie ni Michael. Ọmọ ọmọ Laurie dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé ohun tí àwọn èèyàn hùmọ̀ láti fi tu ara wọn nínú ni. Fíìmù yẹn pa ju mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ, ó sì mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ padà sọ́dọ̀ ti 1978, ohun rere tí apá tuntun lè ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ó tó ọdún 37 kí wọ́n tó gbìyànjú láti kó o jọ, àbúrò mi kò sì gbọ́ pé wọ́n ti kó o. Lọ́wọ́ mi ló ti gbọ́ pé ó fọ́.

Nítorí náà, bó o bá fẹ́ fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ han ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́, fi ti àkọ́kọ́ hàn án lóun nìkan, jẹ́ kó gbé e sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bó bá wá béèrè apá kejì, fún un. Ìwọ ṣá má ṣe jẹ́ apá kejì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi nínú ìsinmi tó kọjá, a sì wo ti 1978 papọ̀. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó jẹ́ Laurie?" Mo sọ ohun tí fíìmù náà sọ fún mi. Mo ní, "Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà." Ó wo ojú mi títí, ó ń retí ìyókù. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó dìde, ó lọ wò ó bóyá ilẹ̀kùn wa wà ní títì.